Sólà Tó Kọjú Sí Títì

Ojú títì ni wọ́n kọ sólà wa sí. Mo fẹ́ kí èyí wà lákọsílẹ̀ kí n tó sọ ohun mìíràn, nítorí ìwé ìpàdé abúlé wa sọ ohun tó yàtọ̀, ìwé ìpàdé náà sì ni àwọn tí a kò tí ì bí yóò kà. Kì í ṣe ọyẹ́ ló fà á tí omi fi dá. Kì í ṣe ẹ̀rọ ló bàjẹ́. Kì í ṣe ẹnu mi. Wọ́n kọ ojú sólà sí títì, títì sì wà ní apá àríwá. Kò jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Abúlé wa kò jìnnà sí Ẹ̀sìẹ́. Ìyá mi ń dá gbé níbẹ̀, nínú yàrá méjì tí bàbá mi fi sílẹ̀ kó tó kú. Èmi ń gbé ní Òmù-Àrán, mo ń kọ́ àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ girama ní físíìsì. Mo tún ní iṣẹ́ kejì tí ẹnikẹ́ni kò rán mi, tí mo bẹ̀rẹ̀ nígbà tí mò ń gba oyè kejì ní yunifásítì: mo máa ń kọ́ sólà sínú kọ̀ǹpútà.

Bí mo ṣe ṣàlàyé rẹ̀ fún ìyá mi nìyí. Ohun dúdú pẹlẹbẹ tó wà lábẹ́ gíláàsì sólà ni à ń pè ní sẹ́ẹ̀lì. Ìpele lórí ìpele ni, bí èèpo àlùbọ́sà, òmíràn nínú wọn sì fẹ́lẹ́ ju irun orí lọ. Bí ìpele kan bá nípọn jù, iná tí ìmọ́lẹ̀ dá sílẹ̀ á kú sínú rẹ̀ kó tó jáde. Bó bá fẹ́lẹ́ jù, ìmọ́lẹ̀ á gba inú rẹ̀ kọjá lófo. Ẹni tó lówó lè ṣe ọgọ́rùn-ún sẹ́ẹ̀lì kó sì wọ̀n wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Èmi kò lówó. Nítorí náà mo kọ ìṣe ìmọ́lẹ̀ àti ìṣe ooru sínú kọ̀ǹpútà bí ìṣirò, mo ń yí nọ́ńbà padà, ẹ̀rọ á sì sọ iye iná tí sẹ́ẹ̀lì tí kò sí láyé yìí ìbá mú jáde. Ìyá mi gbọ́ gbogbo rẹ̀ tán, ó ní, ṣé bí ẹni tó ń se ọbẹ̀ lójú àlá ni. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, àmọ́ bí iyọ̀ bá pọ̀ jù lójú àlá, n óò ti mọ̀ kí n tó fọwọ́ kan iyọ̀ lójú ayé.

Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní kí n bá òun se omi níbẹ̀.

Omi ni ìṣòro rẹ̀. Ẹ̀rọ omi aláfọwọ́fà tó wà lábúlé ti kú kí n tó jáde ní yunifásítì. Nígbà òjò, a máa ń gbe omi òrùlé. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, odò ni, odò náà sì wà ní ìsàlẹ̀ àpáta tí ó ń yọ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀. Orúnkún ìyá mi ti ń dùn ún láti ọdún pípẹ́. Ohun kan ṣoṣo tí mo ń bẹ̀rù nípa rẹ̀ ni ọ̀nà yẹn. Kì í ṣe àìsàn, kì í ṣe olè. Ọ̀nà odò yẹn nìkan ni.

Nígbà tí ọmọ abúlé wa kan tó ń gbé ní Àbújá wá ní òun yóò fún wa ní sólà àti ẹ̀rọ tí yóò máa fa omi láti inú ilẹ̀ sínú táǹkì, èmi ni inú mi dùn jù. Ọyẹ́ ń fẹ́ nígbà náà. Mo pe ìyá mi lórí fóònù, mo ní kí ó gbé ọmọ odó dúró ṣánṣán sí àgbàlá lọ́sàn-án gangan, kó sì fi ẹsẹ̀ wọn òjìji rẹ̀. Àwọn aládùúgbò bí i bóyá ó ti ń ṣàárẹ̀ ọpọlọ. Ó dá wọn lóhùn pé ọmọ òun tó wà ní Òmù-Àrán ló ń gún iyán láti ọ̀nà jíjìn. Ó pe mí padà: ọmọ odó gùn ní ẹsẹ̀ rẹ̀ márùn-ún, òjìji gùn ní mẹ́ta, apá títì ló sì ṣubú sí.

Ohun tí mo nílò nìyẹn. Òjìji tó ṣubú sí àríwá ń sọ fún ẹ pé oòrùn wà ní gúúsù, ẹsẹ̀ mẹ́ta nínú márùn-ún sì ń sọ bó ṣe lọ sí gúúsù tó. Mo gbé sẹ́ẹ̀lì mi kúrò lójú àlá, mo to mẹ́rìnlélógún nínú wọn sí gíláàsì kọ̀ọ̀kan nínú kọ̀ǹpútà, mo fi eruku ọyẹ́ sí i, mo fi ooru Ẹrẹ́nà sí i, nítorí sólà kì í fẹ́ ooru, ìmọ́lẹ̀ ló fẹ́. Bí ara rẹ̀ bá ti gbóná, iṣẹ́ rẹ̀ ń dínkù. Ọ̀sán Sátidé mẹ́ta ni mo fi ṣe é. Ìdáhùn rẹ̀ kò ní ariyànjiyàn nínú. Bí sólà bá kọjú sí gúúsù, tó sì dùbúlẹ̀ díẹ̀ bí ẹni tó fara ti ìrọ̀rí, omi yóò máa wá ní gbogbo ọdún. Bó bá kọjú sí títì bí gbogbo nǹkan wa, tí wọ́n sì gbé e nàró díẹ̀, omi yóò wá dáadáa nígbà òjò, torí pé oòrùn ń rìn wá sí àríwá lórí wa nígbà náà. Ṣùgbọ́n láti Oṣù Kọkànlá lọ, ìmọ́lẹ̀ tí yóò bà á kò ní tó ìdajì. Ẹ̀rọ omi kì í sì í ṣe ohun tó ń gba ìdajì kó fún ẹ ní ìdajì. Bí agbára bá ti kéré sí iye kan, ó kàn ń yí ni, omi kò ní gun òkè.

Ìyẹn ni pé ìgbà tí omi òrùlé bá tán gẹ́lẹ́ ni omi ẹ̀rọ náà yóò tán. Mo kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Ojú ìwé méjì, ní Yorùbá, pẹ̀lú àwòrán. Mo gbé e lọ sí ìpàdé.

Alága ìpàdé jẹ́ ọ̀gá iléèwé tó ti fẹ̀yìn tì. Ó kọ́ mi ní kíláàsì karùn-ún alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ó gba ìwé náà pẹ̀lú ọ̀wọ̀, ó wo àwòrán, ó sì bi mí pé kí ló wà lápá gúúsù tí mò ń wí yẹn. Mo ní igbó ni, sà, àti ẹ̀yìn ṣáláńgá iléèwé.

"O ṣeun, ọmọ mi," ó ní. "Ṣé o rí i, ohun tí ìlú bá gbé kalẹ̀, ọ̀nà ló ń wò. Ilé tó bá kọ̀yìn sí títì, wọ́n á ní ẹni tó kọ́ ọ ń sá fún ènìyàn. Ọmọ wa tó ń bọ̀ láti Àbújá yìí, ẹ̀yìn sólà ni ká wá fi pàdé rẹ̀?"

Wọ́n ní rárá. Òótọ́ sì ni ó sọ nípa àṣà wa. Lọ́dọ̀ wa, ilé, ìsọ̀, ibojì baálé níwájú ilé, gbogbo rẹ̀ ló ń kọjú sí ọ̀nà. N kò jiyàn pé kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Mo ní oòrùn kì í gba títì wa kọjá. Bàbá kan láti ẹ̀yìn bi mí pé kọ̀ǹpútà tí mò ń wí yìí, ṣé ó ti pọnmi rí? Gbogbo ìpàdé rẹ́rìn-ín. Èmi náà fẹ́rẹ̀ẹ́ rẹ́rìn-ín.

Àwọn ohun tí wọ́n ṣe sí mi lọ́jọ́ yẹn kò ju mẹ́ta lọ, mo sì mọ̀ wọ́n. Wọn kò ka ìwé náà. Wọ́n fi dídára ìwà mi ṣe ẹ̀rí pé n kò mọ ohun tí mò ń sọ, torí wọ́n ní ọmọ jẹ́jẹ́ ni mí, ó kàn jẹ́ pé ìwé ti pọ̀ jù fún mi. Ẹ̀kẹta ló dùn mí jù. Bàbá alága yìí fúnra rẹ̀ ló fi ọsàn àti àtùpà kọ́ wa ní kíláàsì karùn-ún pé oòrùn ń lọ sí gúúsù nígbà ọyẹ́. Ó mọ̀ ọ́n. Ó jókòó síbẹ̀, ó ń fi ìwé mi fẹ́ ara rẹ̀.

Mo pe oníṣẹ́ sólà tí wọ́n gbà láti Àjàṣẹ́-Ìpo. Kò jẹ́ kí n parí ọ̀rọ̀. "Àǹtí, òótọ́ lẹ ń sọ," ó ní. "Ṣùgbọ́n ibi tí onílé bá ní kí n kàn án mọ́ ni mò ń kàn án mọ́. Bí mo bá jiyàn, wọ́n á pe ẹlòmíràn, onítọ̀hún ò sì ní lè de wáyà." Ó tún sọ fún mi pé wọ́n ti ní kí òun gbé e nàró ju bó ṣe yẹ lọ, kí ẹni tó wà nínú ọkọ̀ lè rí i dáadáa. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Nínú gbogbo wọn, òun nìkan ni kò purọ́ fún mi.

Oṣù Keje ni wọ́n ṣí i. Omi tú jáde bí ẹni pé ó ti ń dúró dè wá látọjọ́ tó ti pẹ́. Ọmọ Àbújá fi ike bu omi mu, àwọn ènìyàn pàtẹ́wọ́. Bàbá alága fojú wá mi láàárín èrò. "Tíṣà oòrùn," ó ní, "wá fọwọ́ ẹ. Omi tí kọ̀ǹpútà ní kò ní wá ti dé o." Mo lọ, mo fọ ọwọ́ mi. Mo ní sà, ojú ìwé kejì sọ pé yóò wá ní Oṣù Keje. Ó ti yíjú sí ẹlòmíràn.

Ìyá mi jó lọ́jọ́ náà, pẹ̀lú orúnkún yẹn. Mo jẹ́ kó jó.

Ní Oṣù Kọkànlá, mo bẹ̀rẹ̀ sí í bi í lórí fóònù bí omi ṣe ń wá. Ó ní ó ń wá. Mo bi í lọ́sẹ̀ kejì, ó ní ó ń wá díẹ̀díẹ̀. Mo ní ṣé kì í ṣe odò lẹ ń lọ? Ó ní odò ta ni, òun tí òun ní ẹ̀rọ. Èyí wà lára ohun tí mò ń kà: ìyá mi náà purọ́ fún mi. Kò fẹ́ kí n tún lọ bá wọn jà ní ìpàdé. Ó ti pé ọjọ́ mẹ́sàn-án tí omi kò wá nígbà tó sọ èyí. Aládùúgbò rẹ̀ ló sọ bẹ́ẹ̀ fún mi lẹ́yìn náà.

Kíláàsì ni mo wà nígbà tí aládùúgbò yìí kan náà pè. Ó ní ìyá yọ̀ ṣubú lórí àpáta, pé wọ́n ti ń gbé e bọ̀ ní Òmù-Àrán. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Mo padà síwájú pátákó, mo parí ìṣirò tí mo bẹ̀rẹ̀, mo fún àwọn ọmọ ní iṣẹ́ àṣetiléwá, mo nu pátákó. Nígbà náà ni mo tó jáde. Mo máa ń bi ara mi léèrè ìdí tí mo fi ṣe bẹ́ẹ̀.

Egungun ìbàdí ló kán. Dókítà ní ọjọ́ orí rẹ̀ kì í jẹ́ kí egungun tètè so, pé yóò tún rìn, ṣùgbọ́n pẹ̀lú ọ̀pá, àti pé kò gbọ́dọ̀ gun òkè tàbí sọ̀ kalẹ̀ mọ́. Ìyá mi ń bẹ̀ mí láti orí bẹ́ẹ̀dì bí ẹni pé èmi ni egungun náà dùn. Mo ní kò burú. Mo ń fi ṣíbí fún un ní ògì. Ara mi ti kú nígbà yẹn. Mo mọ̀ pé ìbínú wà níbì kan nínú mi, bí ènìyàn ṣe ń mọ̀ pé ẹrù wà nínú yàrá tí kò tíì ṣí.

Mo ní kó máa bọ̀ lọ́dọ̀ mi ní Òmù-Àrán. Ó kọ̀. Ilé ọkọ rẹ̀ ni yóò padà sí, Ìńṣà Állà, bí wọ́n bá dá a sílẹ̀. Bí ìyá mi bá ti fi Ọlọ́run sí i, ọ̀rọ̀ ti parí. Nítorí náà, ohun tó kù fún mi kò ju ọ̀kan lọ: kí omi dé iwájú ilé kí ó tó dé ibẹ̀.

Mo lọ bá bàbá alága nílé rẹ̀. Ó gbé àga fún mi, ó béèrè ìyá mi tọkàntọkàn, ó ti kó iṣu márùn-ún sílẹ̀ tó ní kí n gbé fún un. N kò lè sọ pé ènìyàn búburú ni. Mo ní sà, kí ẹ jẹ́ kí a yí sólà náà. Ó wá ní ọ̀rọ̀ kan wà nílẹ̀. Ó ní àwọn ènìyàn ń sọ pé gbogbo nǹkan ń lọ dáadáa títí ìgbà tí ẹnì kan fi dìde nínú ìpàdé ìlú, tó ní omi kò ní wá.

"Mo ní kò ní wá nígbà ọyẹ́, sà. Mo sọ ìdí rẹ̀."

"O sọ ọ́. Kò sì wá."

"Nítorí pé oòrùn ni, sà."

"Mo gbọ́. Ṣùgbọ́n ṣé o rí ìyá ẹ tó ṣubú? Wọ́n ní ẹnu tó gé omi ni omi gé padà. Èmi kọ́ ni mo sọ bẹ́ẹ̀. Àmọ́ kò sí ẹni tí yóò fọwọ́ kan sólà yẹn bí o kò bá wá sí ìpàdé, kí o gba ọ̀rọ̀ ẹ padà."

Ó tún ní, kó má ba à di pé àwọn àgbà ló ṣe àṣìṣe, kí n sọ pé ìṣirò mi ni kò pé. Lẹ́yìn náà, wọn yóò yí i gẹ́gẹ́ bí ìmọ̀ràn ìpàdé. Ohùn rẹ̀ rọ̀. Ó ń gbìyànjú láti ràn mí lọ́wọ́. Mo wò ó, bí ẹni pé mo tún rí ọsàn àti àtùpà kíláàsì karùn-ún lọ́wọ́ rẹ̀. Mo bi í pé ọjọ́ wo ni ìpàdé.

Mo wọ ọkọ̀ padà sí Òmù-Àrán, mo gbé iṣu lé ẹsẹ̀. Mo ka gbogbo ohun tó wà nínú ohun tí wọ́n ní kí n ṣe. Ọ̀kan, pé kí n purọ́. Èkejì, pé kí irọ́ náà jẹ́ nípa ohun kan ṣoṣo tí mo mọ̀ ọ́n ṣe láyé. Ẹ̀kẹta, pé kí n bẹ àwọn tó ṣẹ̀ mí. Ẹ̀kẹrin, pé bí mo bá ti ṣe é, yóò di òtítọ́ lójú gbogbo ènìyàn pé èmi ni mo fi ẹnu ṣe ìyá mi. Mo tún ka èyí tó wà lódìkejì. Ìyá mi, ọ̀pá kan, àpáta yẹn. Kò pẹ́ tí mo fi kà á tán.

Ní ìpàdé, mo kúnlẹ̀ láàárín wọn. Ilẹ̀ tútù díẹ̀, eruku ọyẹ́ wà lórí àga gbogbo. Akọ̀wé ṣí ìwé rẹ̀.

"Kí ni o wá sọ?" bàbá alága ní.

"Mo wá gba ọ̀rọ̀ mi padà. Mo ní omi kò ní wá. Mo gbà á padà."

"Ìṣirò ńkọ́?"

"Kò pé. Mo ṣe àṣìṣe. Ẹ má bínú."

Akọ̀wé ní kí n jọ̀ọ́ tún un sọ díẹ̀díẹ̀, kí òun lè kọ ọ́ bó ṣe jáde lẹ́nu mi. Mo tún un sọ bí mo ṣe máa ń pe ọ̀rọ̀ fún àwọn ọmọ kíláàsì kọ. Kò. Pé. Mo. Ṣe. Àṣìṣe. Wọ́n ṣe àdúrà fún mi, àdúrà gígùn. Bàbá tó béèrè lọ́jọ́sí bóyá kọ̀ǹpútà ti pọnmi rí fọwọ́ kàn mí lórí, ó ní n óò dàgbà sí i. Ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógójì ni mí.

Ọjọ́ kẹta ni oníṣẹ́ sólà dé láti Àjàṣẹ́-Ìpo. Mo wà níbẹ̀. Bóòtù mẹ́jọ ló tú. Kó tó di ọ̀sán, ó ti yí ojú rẹ̀ sí igbó àti ṣáláńgá, ó ti dẹ̀ ẹ́ sẹ́yìn bí mo ṣe yà á. Kò bi mí léèrè nǹkan kan; ó ti ká ìwé mi sínú àpò rẹ̀. Ibi tó ti rí i, n kò béèrè. Omi bẹ̀rẹ̀ sí í gun táǹkì kó tó kó irin iṣẹ́ rẹ̀ tán. Àwọn obìnrin sáré gbé korobá wá. Wọ́n ń kí mi pé mo ṣeun tí mo gba ọ̀rọ̀ mi padà. Ní alẹ́ Sátidé, mo ṣí kọ̀ǹpútà mi láti fi ohun tó wá sínú táǹkì wé ohun tí ìṣirò mi sọ. Wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ bára mu. Tẹ́lẹ̀ rí, irú nǹkan bẹ́ẹ̀ máa ń mú kí n dìde rìn yí yàrá ká. Mo pa kọ̀ǹpútà dé.

Bàbá alága pè mí lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e. Ó rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀ bí ẹni tí kò fẹ́ kí ìyàwó òun gbọ́. Ó ní bí òjò bá dé, tí oòrùn bá padà wá sí àríwá, ṣé kí àwọn tún yí i? Mo ní rárá, sà, pé bó ṣe dùbúlẹ̀ yẹn, ohun tí yóò pàdánù nígbà òjò kéré. Ó ní ó yé òun. Ó ní eruku ńkọ́, ẹ̀ẹ̀melòó lọ́sẹ̀ ni kí wọ́n nù ún? Mo sọ fún un. Mo gbọ́ tí bírò rẹ̀ ń rìn lórí ìwé. Ó ní, "O ṣé, ọmọ mi," ó sì dúró díẹ̀ kó tó pa fóònù, bóyá ohun kan wà tó fẹ́ sọ. N kò ràn án lọ́wọ́.

Ìyá mi padà sílé ní ìbẹ̀rẹ̀ Oṣù Kẹta, ìgbà tí odò gan-an ti di kànga ẹrẹ̀. Mo gbé àga fún un sí ẹnu ọ̀nà. Wọ́n ti ròyìn fún un, dájúdájú, nítorí kò béèrè nǹkan kan lọ́wọ́ mi, bẹ́ẹ̀ rèé, kì í ṣe ẹni tí kì í béèrè. Mo bu omi sí kẹ́tù rẹ̀ láti ẹnu ẹ̀rọ. Ó ṣe àlùwàlá lórí ìjókòó: ọwọ́, ẹnu, imú, ojú. Mo tẹ̀ ba láti bá a fọ ẹsẹ̀ tí kò lè ká. Kò wo ojú mi. Ó fi ọwọ́ tútù rẹ̀ kan ẹ̀yìn ọrùn mi, ó sì gbé e síbẹ̀ fún ìgbà díẹ̀.

Omi ṣẹ́ kù nínú kẹ́tù. Mo na ọwọ́ pé kí n gbà á, kí n dà á padà sínú ìkòkò, bí a ṣe máa ń ṣe láti kékeré mi, nígbà tí omi ṣọ̀wọ́n. Ó gbọ́n ọn dà sí ẹ̀bá ògiri, sórí ilẹ̀ gbígbẹ, ó gbé kẹ́tù òfìfo fún mi, ó sì yíjú láti kírun.